Àwọn Tí Kì Í Bẹ́rí

Bí Abọ́sẹ̀dé bá fẹ́ fi ọkọ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, orí bàlúù ló máa ń gbà. "Bàbá Múyìwá, ẹ gbàgbé ọṣẹ o. Ẹ má jẹ́ kí ìyàwó yín ti Yábàá máa rùn." Ọlápàdé á rẹ́rìn-ín, á padà sínú ilé, á mú ọṣẹ.

Bàlúù tí à ń wí yìí, kékeré ni. Òun ni wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní bí wọ́n ṣe ń wa ọkọ̀ òfurufú láyé ìgbà tí Ọlápàdé jẹ́ sájẹ́ńtì ológun tó ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe. Nígbà tí kò lè fò mọ́, wọ́n gbé e lé orí sìmẹ́ǹtì nínú ọgbà ológun kan ní Yábàá, ni òjò bá ń pa á, ni oòrùn bá ń pa á. Lóṣooṣù, Ọlápàdé á kúrò ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó, á lọ wẹ̀ ẹ́ tìfẹ́tìfẹ́. Ẹ má bi mí pé ta ló rán an níṣẹ́. Kò sẹ́ni tó rán an.

Àfi lọ́jọ́ kan tó wọlé tí kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Abọ́sẹ̀dé gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, ó kàn ń wò ó.

"Wọ́n fẹ́ gé e," ló sọ níkẹyìn.

Òfin kan ló wà tó ti pẹ́ nínú ìwé àwọn ológun: bàlúù tí kò bá fò mọ́, kí wọ́n gé e, kí wọ́n wọ̀n ọ́n, kí wọ́n tà á fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Kò sẹ́ni tó ka òfin náà sí tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀gá tuntun ti dé, wọ́n sì fẹ́ palẹ̀ gbogbo ọgbà mọ́ káàkiri orílẹ̀-èdè. Abọ́sẹ̀dé wá yẹ̀yẹ́ tó lè fi pa ọkọ rẹ̀ lẹ́rìn-ín, kò rí. Ó fẹ́ràn ọkùnrin yìí gan-an, ìbànújẹ́ ojú rẹ̀ sì dùn ún wọra.

Ẹgbẹ́ àwọn mẹkáníìkì ológun tó ti fẹ̀yìn tì pàdé ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ Ọlápàdé. Wọ́n pinnu pé àwọn á lọ bá Adéwùnmí, ọ̀gá ológun tó jẹ́ alága ìgbìmọ̀ tó ń ta ohun èlò ogbólógbòó, kí òfin náà lè yí padà. Àwọn ìyàwó lọ ṣòkòtò fún wọn, àwọn ọkọ de táì, wọ́n dé bẹ́rẹ́ẹ̀tì, wọ́n lọ. Nígbà tí wọ́n máa padà dé, kò sẹ́ni tó lè wo ojú ìyàwó rẹ̀.

"Kí ló wí?" Abọ́sẹ̀dé bi wọ́n.

Wọ́n ń wo ara wọn. Yẹ̀kínnì, akọ̀wé ẹgbẹ́, ló jẹ́wọ́. "Ìyàwó wa, bí ọmọ yẹn ṣe wọlé báyìí, a ti dìde. A ò tiẹ̀ mọ ìgbà tá a bẹ́rí. Ó ní, ṣé a mọ̀ pé òfin lòfin. A ní, 'Yẹsà!' Ó ní bàlúù tí ò fò mọ́, irin lásán ni. A ní, 'Yẹsà!'"

"Gbogbo yín?"

"Gbogbo wa. Ti ọkọ yín ló tiẹ̀ ròkè jù."

Ẹ̀rín pa Abọ́sẹ̀dé títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Ọmọ tí ìyá ẹ̀ ṣì lè rán níṣẹ́ ló sọ àwọn bàbá arúgbó di ọmọ iṣẹ́! Ṣùgbọ́n nígbà tó nu ojú tán, ó rí i pé omi náà kò dá.

Sìmíátù, aránṣọ ará Múṣín, wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ọkọ rẹ̀, Mùktárù, ti kú láti ìgbà tí Husnah ọmọ wọn ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀, láti ìgbà náà ló sì ti ń jókòó sípò ọkọ rẹ̀ nínú ẹgbẹ́. Hẹlikọ́pítà ni Mùktárù máa ń tún ṣe ní Kàdúná, níbi tí òun àti Ọlápàdé ti jọ ṣiṣẹ́ fúngbà díẹ̀. Ibẹ̀ ni hẹlikọ́pítà ọ̀hún ṣì wà, òfin kan náà ló sì ń dúró dè é.

"Àǹtí Bọ́sẹ̀," ni Sìmíátù wí, "àwọn ọkọ wa ló búra fún ológun. Èmi ò búra fẹ́nì kankan o. Ta ló máa pàṣẹ fún mi pé kí n dìde?"

Bí ọ̀rọ̀ ṣe bọ́ sọ́wọ́ àwọn obìnrin nìyẹn. Sìmíátù kọ́kọ́ fẹ́ gba orí rédíò lọ bú wọn. Abọ́sẹ̀dé, tó fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe tíṣà, ní rárá. "Tá a bá ti bú u létí gbogbo ayé, báwo ló ṣe fẹ́ yí ọ̀rọ̀ ẹ̀ padà tójú ò ní tì í?" Fóònù ni wọ́n gbé. Wọ́n pe àwọn ìyàwó ológun ní Kàdúná, wọ́n pe ti Mákúrdí, àwọn yẹn náà pe ẹlòmíràn. Wọ́n lọ bá àwọn ọ̀gá ilé-ìwé, àwọn yẹn ní àwọn á máa kó ọmọ wá wo bàlúù. Lóòyà kan ní Ojú Ẹlẹ́gbà bá wọn kọ òfin tí wọ́n fẹ́ sínú ojú ìwé kan ṣoṣo: kí wọ́n tó gé bàlúù kankan, kí wọ́n kéde rẹ̀; bí ìlú kan tàbí ẹgbẹ́ kan bá lè tọ́jú rẹ̀, kí wọ́n fún un. Sìmíátù ló ní kí wọ́n fi kún un pé kọ́bọ̀ kò ní jáde lápò ológun.

"Wọ́n á kàn ní kò sówó ni," ló wí. "Ẹ jẹ́ ká ti gba ìyẹn lẹ́nu wọn."

Abọ́sẹ̀dé àti Sìmíátù mú ìwé náà lọ sọ́dọ̀ Adéwùnmí, wọ́n ní ọ̀gá ò sí nílé, wọ́n tún lọ. Nígbà tó yá, ọ̀gá rí wọn. Bí Adéwùnmí ṣe wọlé tó rí ewú orí Abọ́sẹ̀dé, kó tó mọ ohun tó ń ṣe, ó ti dọ̀bálẹ̀ pẹ̀lú gbogbo àmì oyè tó wà léjìká rẹ̀. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, wọ́n kọ́ ọ nílé. Àwọn obìnrin méjèèjì ṣàdúrà fún un, wọn ò kánjú, wọ́n ṣe é dé orí àwọn ọmọ rẹ̀ tí wọn ò tíì rí rí. Ìgbà tí wọ́n ṣàdúrà tán ni wọ́n wá sọ ohun tí wọ́n bá wá, ó sì gbọ́ ọ délẹ̀.

Adéwùnmí ka ìwé náà tán. "Mọ́mì, mi ò ní purọ́ fún yín. Ti Yábàá yìí, ẹni tó rà á ti ṣe tán, lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n máa gé e. Mo lè dá a sí nítorí yín. Fóònù kan báyìí ni. Ṣùgbọ́n tí mo bá ti yọ ọ̀kan sílẹ̀, mi ò tún lè lọ sí Àbújá lọ sọ pé òfin yẹn ò dáa. Wọ́n á ní mo ń ṣe ojúsàájú. Ọ̀kan lẹ máa mú."

"Tó o bá gbé òfin lọ ńkọ́?"

"Ó ṣeé ṣe kí wọ́n gbà. Ṣùgbọ́n ti ibí á ti lọ."

Sìmíátù ń ká etí ìborùn rẹ̀. "Àǹtí Bọ́sẹ̀, ẹ gba tiyín. Mi ò ní bínú, mo fi Ọlọ́run búra."

Abọ́sẹ̀dé mọ̀ pé kò ní bínú lóòótọ́. Ohun tó jẹ́ kó nira nìyẹn. Ó rí Ọlápàdé lọ́kàn rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ nu ara bàlúù yẹn.

"Ọmọ mi," ló wí, "gbé òfin lọ."

Kò mọ bó ṣe délé. Ìdúró ló ti sọ ọ́ fún ọkọ rẹ̀, kò yọ gèlè. Ọlápàdé gbọ́ ọ tán, ó jókòó.

"Bọ́sẹ̀, ẹ̀rù ti ń bà mí pé o máa gba tèmi. Báwo ni mo ṣe máa tún jókòó ti Sìmíátù nínú ẹgbẹ́?" Ohùn rẹ̀ já. Ìyàwó rẹ̀ jókòó tì í, ó sì jẹ́ kó sunkún.

Wọ́n gé bàlúù náà. Ọlápàdé kò lọ wò ó. Ọyẹ́ ti ń parí lọ kí ọ̀rọ̀ tó ti Àbújá dé pé wọ́n ti gba òfin tuntun, láìyọ nǹkan kan kúrò nínú ohun tí àwọn obìnrin kọ. Ní Kàdúná, àwọn ìyàwó ológun ibẹ̀ gba hẹlikọ́pítà, Sìmíátù àti Husnah sì wọkọ̀ lọ síbẹ̀.

Wọ́n fi fídíò pe Ọlápàdé àti ìyàwó rẹ̀ láti ibẹ̀. Ọlápàdé gba fóònù lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀, ó ti ń pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni má fi kànrìnkàn irin ha ara hẹlikọ́pítà yẹn o. Ojú Husnah bá yọ, ó ti dàgbà.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ibo ni dádì mi máa ń dúró?"

Ọlápàdé gbé fóònù súnmọ́ ojú. "Lọ sápá òsì. Kọjá ilẹ̀kùn yẹn díẹ̀. Rárá, padà sẹ́yìn. Ibẹ̀ yẹn. Ibẹ̀ gan-an ni."

Husnah dúró síbẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé ara hẹlikọ́pítà náà, kò sì tètè kúrò.