Ọkọ Tí Kámẹ́rà Rí

Ìyá Aránṣọ ń ti òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ nígbà tí fóònù rẹ̀ dún. Àtẹ̀jíṣẹ́ wọlé, kò sí àmì ohùn kankan lórí rẹ̀: "Oko yin sare koja ofin lana. Foto re wa lowo wa. E wa, bi bee ko, a o gba laisensi yin."

"Ọkọ mi? Sáré kẹ̀?"

Ọkọ tó ti sùn sábẹ́ ilẹ̀ tipẹ́! Nígbà ayé rẹ̀ pàápàá, ìgbín á kọjá lára rẹ̀, á tún bojú wẹ̀yìn kí i pé ẹ kú ìrọ́jú. Ìyá rẹ́rìn-ín títí ìdí rẹ̀ fi mi àga. Àfi bí ẹ̀rín ṣe tán tó rántí àlá kan. Lánàá, nígbà tí lọ́rí ń gbé mọ́tò rẹ̀ tó kú sọ́nà lọ sílé, oorun gbé òun náà lọ nínú mọ́tò náà. Ó lálàá pé ọkọ òun ń fi mọ́tò náà gbé òun lọ lórí àwọsánmà, afẹ́fẹ́ rọ̀ bí òwú, òrùlé ń lúwẹ̀ẹ́ kọjá nísàlẹ̀ bí ẹja. Àbí kámẹ́rà ń rí àlá ni?

Ó kun àtíkè, ó wé gèlè. Ẹni tó ń lọ wo ọkọ rẹ̀ kì í rí bí adìẹ tí òjò pa.

Ní ọ́fíìsì, akọ̀wé yí kọ̀ǹpútà sí i. "Ọkọ̀ yín rèé, Màmá."

"Ọkọ̀! Yéè, mo fi àtíkè ṣòfò!"

Akọ̀wé ò rẹ́rìn-ín. "Ẹ mú láísẹ́ǹsì yín wá. Ẹ̀rọ kì í parọ́."

Láísẹ́ǹsì tó gbà lẹ́yìn tí ọkọ rẹ̀ fi sùúrù kọ́ ọ ní mọ́tò wíwà! Ìyá dì í mú mọ́ àyà. "Kì í parọ́ lóòótọ́, ṣé ó wá mọ ohun tó ń wò? Sún mọ́ ọn, ọmọ mi. Táyà mi ha kan ilẹ̀?"

Akọ̀wé tẹjú mọ́ ọn. Ẹ̀yìn lọ́rí ni mọ́tò náà wà. Lọ́rí ló sáré, nọ́ńbà mọ́tò Ìyá ni ẹ̀rọ kà. Ìyá fúnra rẹ̀ jókòó níbi èrò, gèlè ti yẹ̀, ẹnu là sílẹ̀ bí àpò ìrẹsì.

Ẹ̀rín bú lẹ́nu akọ̀wé. "Màmá, ta ló wá ń wakọ̀? Ẹ máa lọ jàre, màá pa á rẹ́."

"Pa ẹ̀sùn rẹ́, má pa fọ́tò! Tẹ̀ ẹ́ fún mi."

Nílé, ó gbé fọ́tò náà ti ẹ̀rọ ìránṣọ. Ó rọra fi ìka kan ìjókòó awakọ̀ tó ṣófo.

"Òótọ́ ni wọ́n kọ," ó ní. "O sáré jù."