Ẹnu Baba Ààrò

Ọkùnrin tó bá fẹ́ joyè lọ́run, kó kọ́kọ́ lé ìyàwó rẹ̀ jáde. Ohun tí Baba Ààrò ṣe nìyẹn. Ó lé ìyàwó rere nítorí obìnrin ìta, ó tòṣì, ojú rẹ̀ fọ́, agbe ló ṣe dé ẹnu ọ̀nà ìyàwó náà. Ìyẹn bu oúnjẹ fún un. Nígbà tó mọ ẹni tó ń bọ́ òun, ìtìjú mú un, ó kó sínú ààrò, ó jóná. Ayé ń lọ, à ń tọ̀ ọ́: àwọn ará ọ̀run wá fi í joyè òrìṣà ààrò, wọ́n ní kó máa gbé ara ògiri ilé ìdáná, kó máa ṣọ́ àwa ìyàwó.

Ní ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù kejìlá, a ó jó àwòrán rẹ̀ tó wà lára ògiri kó lè lọ rojọ́ ilé wa lọ́run. Kó tó lọ, a ó fi súìtì tó ń lẹ̀ kun ẹnu rẹ̀, kó má baà tú àṣírí. Ọkùnrin ló ń ṣe é, ṣùgbọ́n Baoshan ọkọ mi ò tíì ti ibi iṣẹ́ dé, ọwọ́ ìyá rẹ̀ sì ń gbọ̀n. Ló bá gbé súìtì lé mi lọ́wọ́.

"Suyun, kùn ún dáadáa. Títí dé irùngbọ̀n."

"Ìyá, kí lẹ ń bẹ̀rù pé ó máa sọ?"

"Ta ló ń bẹ̀rù? Ṣáà kùn ún."

Bàbá mi kú lóṣù kẹsàn-án. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ tí ọdún máa parí, ìyá mi máa dá jẹun alẹ́ ọdún ní abúlé kejì. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti bẹ̀bẹ̀ kí n lọ bá a jẹ ẹ́. Ìyá ọkọ mi ní èèwọ̀ ni: ọmọbìnrin tó ti relé ọkọ ò gbọdọ̀ rí iná ilé bàbá rẹ̀ lálẹ́ ọdún, kí òṣì má baà wọbẹ̀. Àfi bí ẹni pé owó ló kún ibẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Mo sọ súìtì sẹ́nu ara mi.

"Ìyàwó, kí lò ń ṣe yìí?"

"Mò ń jẹ ẹ́, mà. Ẹ jẹ́ kí Baba gbé ẹnu gbígbẹ lọ. Kó sọ fún wọn pé ìyá mi ń dá jẹun."

Mo ṣáná sí àwòrán. Mo ń sunkún, súìtì sì ti lẹ eyín mi pọ̀, n ò lè bú ẹnikẹ́ni mọ́. Ìyá ọkọ mi jókòó sórí àpótí, ó ń wo eérú.

"Ọdún mọ́kànlélógójì ni mo ti wà nílé yìí," ló wí. "Ìyá mi kú, n ò bá a jẹun alẹ́ ọdún rí láti ọjọ́ tí mo ti lọ́kọ."

Ó fi ìgbálẹ̀ gbá eérú náà jọ.

"Ọmọ ni wọ́n ní kò gbọdọ̀ rí iná ilé ìyá. Ẹnì kan ò sọ pé ìyá ò gbọdọ̀ rí iná ilé ọmọ. Lọ pe ìyá ẹ wá, kó wá bá wa jẹun alẹ́ ọdún. Kó gbé ìrọ̀rí ẹ̀ dání, n kì í yá èèyàn ní tèmi."