Ọlọ Aláwọ̀ Ewé

Nínú agboolé àwọn agbẹ́kùúta tí Àbúdùlàhí ti wá ní Ọ̀wọ̀, ìyàwó tó bá wọlé àti ọmọbìnrin tó bá ń relé ọkọ, ọlọ tí a fọwọ́ gbẹ́ ni wọ́n fi ń ta wọ́n lọ́rẹ. Òkúta dúdú líle ni baba àti baba-ńlá ń lò. Àbúdùlàhí ní tiẹ̀, nítorí ìfẹ́ Kúlísúmù, lọ wá òkúta aláwọ̀ ewé láti apá Iléṣà, èyí tó ń dán bí ilá tójò ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀. Ìfẹ́ kò jẹ́ kó bi ara rẹ̀ pé kí ló dé tó fi rọrùn-ún gbẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ọbẹ̀ àkọ́kọ́ tí Kúlísúmù fi ọlọ náà lọ ata sí ń yọ̀ lẹ́nu, nítorí ọlọ ń lọ ara rẹ̀ mọ́ ata. Ó wo ojú ọkọ rẹ̀, ojú náà ń tàn, ló bá ní ó dùn. Láti ọjọ́ náà, ọlọ Àbẹ̀ẹ́bí, aládùúgbò wọn, ló ń lò. Bó bá kù díẹ̀ kí ọkọ rẹ̀ dé, á fi ata ra ọlọ aláwọ̀ ewé lójú. Inú ẹni lorúkọ tí a ó sọmọ ẹni ń gbé.

Ṣùgbọ́n Hamidat ọmọ wọn ń ṣègbéyàwó báyìí, baba ti gbé irú òkúta náà mìíràn wá sí àgbàlá. Bí Kúlísúmù bá dákẹ́, ọmọ yóò máa bu òkúta sọ́bẹ̀ àwọn àna. Bó bá sọ̀rọ̀, yóò dójú ti ọkùnrin tó ń fi ọlọ yẹn yangàn kiri ìlú. Ó fẹ́ràn rẹ̀ débi pé kò fẹ́ rí ìtìjú lójú rẹ̀.

"Hamidat, ìwọ tó o kàwé òkúta ní yunifásítì," ni baba wí, "sọ ìtàn eléyìí fún ìyá rẹ."

"Bàbá mi, ìsàlẹ̀ òkun ló ti wá. Dúdú ni, ó sì le. Omi wá gba ibi tó sán wọ inú rẹ̀ nínú ooru ìsàlẹ̀ ilẹ̀, omi ọ̀hún di ara rẹ̀, ó sọ ọ́ di aláwọ̀ ewé. Nígbà tí ilẹ̀ méjì forí gbárí, wọ́n tì í gorí ilẹ̀. Ooru àti omi tún bá a níbẹ̀, ó rọ̀ débi tí èékánná lè ha á. Irú rẹ̀ ni wọ́n ń lọ̀ ṣe pọ́dà ọmọ ọwọ́."

"Pọ́dà?" Òòlù dúró lókè lọ́wọ́ baba. Ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀. "Ìyá Hamidat, ata tí mò ń jẹ láti ọjọ́ yìí ńkọ́?"

"Ọlọ Àbẹ̀ẹ́bí ni, Bàbá Hamidat. Wallahi, mi ò fẹ́ bà yín lọ́kàn jẹ́ ni."

Àbúdùlàhí jókòó sílẹ̀. Ojú tì í gan-an, kò sì lè fi pamọ́.

Kúlísúmù wọ ilé ìdáná, ó gbé ìdì aṣọ kan jáde, èyí tó máa ń gbé lé ìbàdí ọkọ rẹ̀ ní gbígbóná láàárọ̀ ọyẹ́, nítorí iṣẹ́ òkúta ti ba ìbàdí náà jẹ́. Baba kò bèèrè rí ohun tó wà nínú rẹ̀. Kúlísúmù tú u. Ọmọ ọlọ ni, aláwọ̀ ewé.

"Kò lè lọ ata," ni Kúlísúmù wí. "Àmọ́ bí mo bá gbé e síná, ooru rẹ̀ kì í tètè lọ. Òun ló ń jẹ́ kí ẹ lè dìde kírun àsùbáà."

Àbúdùlàhí gbà á, ó gbé e lé ìbàdí bó ti tutù, ó pẹ́ díẹ̀ kó tó mú un kúrò. Lẹ́yìn náà ló mú òòlù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gé èyí tí àtẹ́lẹwọ́ lè gbà lára òkúta tuntun.

"Ọlọ ata, a ó rà á lọ́jà. Ìbàdí ọkọ rẹ ni mò ń gbẹ́ eléyìí fún."

Hamidat rẹ́rìn-ín. "Bàbá mi, Anwar ṣì kéré. Ìbàdí kò dùn ún."

"Ẹ ó dàgbà pọ̀," ni Àbúdùlàhí wí, ojú rẹ̀ wà lára Kúlísúmù. "Yóò dùn ún."