Ògiri Lórí Bẹ́ńṣì

“Ẹ ṣé! Ẹ ṣé o!” ni Ògiri ń kígbe létí pápá, tọwọ́tẹsẹ̀ ló sì fi ń kígbe ọ̀hún. Ọmọbìnrin ẹgbẹ́ kejì tí bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ rẹ̀ fò sókè, ó jù ú sínú àwọ̀n, ó wá yíjú sí i, ó tẹ orúnkún díẹ̀.

“Kò tọ́pẹ́, sà,” ni ó wí.

Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín.

Kì í ṣe pé Ògiri ń dúpẹ́ o. “Ẹ sé!” ni ó fẹ́ sọ, kí àwọn ọmọbìnrin ẹgbẹ́ tirẹ̀ lè tètè dí ọ̀nà mọ́ ẹni tí ń bọ̀. Àmọ́ eyín àtọwọ́dá méjì kan wà lẹ́nu rẹ̀ láti àná, funfun báláú, tí dókítà eléyín kì bọ̀ ọ́ níwájú gan-an. Kò sí “sí” tó dé ìdí eyín wọ̀nyí tí kò di “ṣí” kó tó jáde. Ní òwúrọ̀, ó sọ fún awakọ̀ tó gbé e wá pé kó sáré díẹ̀, “ṣaré” ló bọ́ sí i létí. Awakọ̀ wo ẹnu rẹ̀, ó wo ojú ọ̀nà, ó rọra ń lọ.

Ẹ má bá a wí jù. Nígbà tí Ògiri ń gbá háńdíbọ́ọ̀lù, bọ́ọ̀lù tí wọ́n ní ọwọ́ ni à ń fi gbá a, tó sì jẹ́ pé ojú ló máa ń bá jù, ilé, ìyẹn ojú àwọ̀n, ni ó máa ń ṣọ́. Bọ́ọ̀lù kì í kọjá lára rẹ̀, ni wọ́n fi sọ ọ́ ní Ògiri. Ní àṣekágbá kan, bọ́ọ̀lù bà á lẹ́nu, eyín iwájú méjì yọ dànù. Ògiri kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù tó ta padà mú, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá eyín. Wọn ò rí ọ̀kan di òní olónìí. Àlàfo náà ló fi ń yangàn kiri láti ìgbà náà.

Ìyàwó rẹ̀ ló ní àfi kó lọ ṣe eyín. “Akọ́nimọ̀ọ́gbá lo fẹ́ dà,” ni ó wí. “O ò lè máa fi ẹnu tó dà bí ilé tí kò nílẹ̀kùn dúró níwájú èrò.”

“Kóòṣì ni kí o máa pè mí.”

“Orúkọ tó gbé òṣì sídìí? N ò ní pè é.”

Oyè náà gan-an kò sì tíì dájú. Alága ẹgbẹ́ kò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ fún un: ìdíje òní ni ìdánwò rẹ̀. Bí àwọn ọmọbìnrin náà bá borí, iṣẹ́ di tirẹ̀. Bí wọn ò bá borí, ì báà jẹ́ ọ̀mì, kó máa lọ sílé kó lọ sinmi.

Ilé ọ̀hún gan-an ló ń ba Ògiri lẹ́rù. Láti ìgbà tó ti fẹ̀yìn tì, ó ti sọ ara rẹ̀ di aṣọ́lé inú yàrá: ife tó fẹ́ bọ́ lórí tábìlì, ọṣẹ tó yọ̀ lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀, ọmọrí ìkòkò, gbogbo rẹ̀ ló ń gbá mú. Lọ́jọ́ kan, ìyàwó rẹ̀ ju ìrọ̀rí sórí ibùsùn. Ògiri bẹ́ gìjà láti orí àga, ó mú un lójú òfuurufú. Obìnrin náà wò ó, kò rẹ́rìn-ín, ó kàn rọra gba ìrọ̀rí náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọjọ́ yẹn ni Ògiri mọ̀ pé òun ti di ẹni àánú nínú ilé ara òun, ó sì dùn ún wọra.

Òun nìyí létí pápá báyìí, ẹgbẹ́ kejì sì ti fi góòlù mẹ́ta ta wọ́n yọ.

Bí ẹnu ṣe ń dà á, bẹ́ẹ̀ ni ara náà ń dà á. Ara Ògiri kò tíì gbọ́ pé ó ti fẹ̀yìn tì. Bí wọ́n bá ti ju bọ́ọ̀lù sí Pẹ́lẹ́ńgẹ́, ọmọbìnrin gíga tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń ṣọ́lé fún wọn, Ògiri náà á fò létí pápá, á na apá, á na ẹsẹ̀. Ó fò lẹ́ẹ̀kan, ó da gbogbo omi mímu wọn nù. Ó tún fò, ó ṣubú lu bẹ́ńṣì, bẹ́ńṣì dojú dé, àwọn ọmọ tó jókòó lórí rẹ̀ sì fọ́n káàkiri ilẹ̀. Alága wò ó láti orí àga àwọn òǹwòran lókè lọ́hùn-ún, ó fi ọwọ́ bo iwájú orí.

Ìgbà náà ni Ògiri rí i pé apá òsì pápá ṣófo, kò sí ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ gbóná. Ó na ìka, ó lanu.

“Òṣì! Òṣì! Ẹ wo òṣì!”

Rẹfirí ló wà níbi tí ìka náà nà sí. Ọkùnrin kúkúrú kan ni, orí rẹ̀ ń dán. Ó fọn fèrè, ó sì rọra rìn wá.

“Ta lẹ̀ ń pè ní òṣì?”

“Ẹ má bínú, ṣà. Apá òṣì ni mo ní.”

“Èmi ni apá òṣì?”

“Rárá o. Òṣì! Òṣì yìí!” Ògiri na ọwọ́ òsì rẹ̀ sókè kó lè yé ọkùnrin náà, ó sì nà án sí i lójú, èyí tó wá ba gbogbo rẹ̀ jẹ́ pátápátá. Rẹfirí yọ káàdì ìkìlọ̀. Ó ní bí òun bá tún gbọ́ òṣì kan ṣoṣo, ìta ni Ògiri yóò ti wo èyí tó kù.

Ògiri jókòó. Ó ki ọwọ́ bọ ẹnu, ó fa eyín méjèèjì yọ, ó jù wọ́n sínú àpò ṣòkòtò. Kó tó ṣe èyí tán, àwọn ọmọ rẹ̀ ti dá góòlù méjì padà. Kí ó tó nu ẹnu, wọ́n tún jẹ òmíràn. Kò sì sọ nǹkan kan fún wọn o. Inú rẹ̀ dùn, inú rẹ̀ kò sì dùn.

Bí wọ́n ṣe ń fà á lọ fà á bọ̀ nìyẹn, títí tí àwọn ọmọ rẹ̀ fi fi góòlù kan ṣíwájú. Ìdíje ku díẹ̀ kó parí. Ni rẹfirí bá fọn fèrè, ó nawọ́: pẹnáritì fún ẹgbẹ́ kejì. Ọmọ Kò-tọ́pẹ́ ló gbé bọ́ọ̀lù.

Bí èyí bá wọlé, ọ̀mì ni. Bó bá di ọ̀mì, ilé ni.

Pẹ́lẹ́ńgẹ́ wo ọ̀dọ̀ Ògiri. Ògiri sì ti mọ ibi tí bọ́ọ̀lù máa gbà. Ó ti rí èjìká ọmọ náà, bó ṣe rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀, òsì ni. Ọ̀rọ̀ náà ti wà létè rẹ̀, ó mọ́ tónítóní, kò sí eyín kankan tí yóò bà á jẹ́. Rẹfirí náà tẹjú mọ́ ẹnu rẹ̀, bí ìgbà tí ológbò bá ń ṣọ́ ihò eku.

Ògiri rántí ara rẹ̀ lójú ilé. Ariwo àwọn tó wà létí pápá kò ràn án lọ́wọ́ rí. Ṣe ni wọ́n máa ń pín ojú rẹ̀ sí méjì. Ojú olójú kò lè jọ ojú ẹni. Ó pa ẹnu dé. Ó fi ọwọ́ sẹ́yìn, ó di ọwọ́ kan mú pẹ̀lú èkejì, ó sì mi orí sí ọmọ náà pé kó máa ṣe é bó ṣe rí i.

Ọmọ Kò-tọ́pẹ́ ju bọ́ọ̀lù. Ọ̀tún ló jù ú sí. Ọ̀tún ni Pẹ́lẹ́ńgẹ́ náà fò sí. Bọ́ọ̀lù ba orúnkún rẹ̀, ó ta síta, fèrè ìparí sì dún.

Gbogbo wọn sáré lọ bá Pẹ́lẹ́ńgẹ́, wọ́n gorí ara wọn lé e lórí. Kò sí ẹni tó sáré wá sọ́dọ̀ Ògiri. Láyé ìgbà kan, abẹ́ irú òkìtì bẹ́ẹ̀ ni à bá ti wá a kàn. Ó dúró pé kí owú jẹ òun, owú kò wá. Ẹ̀rù ló wá. Irú ẹ̀rù yìí kò bà á rí lójú ilé, àní lọ́jọ́ tí eyín yọ. Ó wá bẹ́ńṣì lẹ́yìn, ó jókòó.

Alága kọjá, ó gbá a léjìká. “Aago mẹ́rin lọ́jọ́ Ajé. Má pẹ́ dé,” ni ó wí, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ìyàwó rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ láti àárín èrò, ó jókòó tì í. Kò béèrè eyín. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú.

“Ṣé bó ṣe máa ń rí nìyí?” ni Ògiri bi í, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. “Kéèyàn kàn máa wò ó, kó má lè ṣe nǹkan kan sí i?”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

“Ta ló sọ fún ọ?”

Ojú ilé ni obìnrin náà ń wò, níbi tí wọ́n ti ń gbé Pẹ́lẹ́ńgẹ́ sókè.

“Gbogbo ọdún tí o fi wà níbẹ̀ yẹn,” ni ó wí, “òkè lọ́hùn-ún ni mo máa ń jókòó sí.”

Ògiri gbójú sókè, ó wo àwọn àga náà. Ìgbàkígbà tó bá wo ibẹ̀ láti ojú ilé, èrò nìkan ló máa ń rí.