Àwọn Ọmọ Tí Mo Fi Kún Ìwé

Gbì! Gbì! Ìró òǹtẹ̀ ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí. Láti àárọ̀ títí dìrọ̀lẹ́ ni mò ń lù ú sórí ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí ní ọ́fíìsì wa. Nígbà tó yá, mo lè jẹun tán láàárín gbì kan sí èkejì.

Àbúrò mi obìnrin, agbẹ̀bí, ló ta mí lólobó. Lóṣooṣù ló ń gé ọgọ́rùn-ún ìrépé aṣọ funfun tí wọ́n ń so mọ́ ọwọ́ ọmọ tuntun. Nígbà tí oṣù kan parí, ó da èyí tó ṣẹ́ kù sórí tábìlì mi: mọ́kàndínlógójì.

"Bọ̀dá mi, ẹ kà á. Ilé tí wọ́n ti ń bí mẹ́fà, méjì ni wọ́n ń bí báyìí."

Ọ̀gá wa bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n-ń-bọ̀ là ń pè é lẹ́yìn. "Nọ́ọ̀sì, wọ́n ń bọ̀! Ọmọ wà nílé, àwọn òbí ló ń fi ìforúkọsílẹ̀ falẹ̀."

Nítorí náà, bí a bá ka ọmọ mẹ́ta, márùn-ún ni mò ń kọ ránṣẹ́ sí olú-iléeṣẹ́. Orí iye yẹn ni wọ́n ń gbé iléèwé kọ́.

"Ṣé ẹ̀yin lẹ bí méjì tó kù ni?" àbúrò mi bi mí. A jọ rẹ́rìn-ín. Mo lu òǹtẹ̀.

Ọdún yẹn ni mo kúrò nílé, n ò sì tíì padà. Lọ́dún kẹfà, àtẹ̀jíṣẹ́ àbúrò mi dé. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ti di ọ̀gá ọ̀kan nínú àwọn iléèwé náà. Ìwé tí mo kọ sọ pé ọgọ́fà ọmọ ni yóò wọlé lọ́dún náà. Méjìléláàádọ́rin ló dé. Nínú yàrá kejì, ọ̀rá tí wọ́n fi wé àwọn àga tuntun ṣì wà lára wọn. Àwọn alábẹ̀wò láti olú-iléeṣẹ́ ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, wọ́n ń béèrè àwọn ọmọ. Ni ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bá bẹ̀rẹ̀: ẹnì kan ń jí wọn gbé. Àwọn ìyá ń fa ọmọ wọn sẹ́yìn bí ọ̀gá iléèwé bá ń kọjá. Wọ́n ti sọ òkò lu fèrèsé rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

"Bọ̀dá mi, ẹ̀yin nìkan lẹ lè gbà á là."

Ojú tì mí. Ọjọ́ mọ́kànlá ni mo fi kọ èsì, tí mò ń pa á rẹ́. Wọ́n ní irọ́ lè rìn fún ogún ọdún kí òtítọ́ tó bá a. Tèmi ò ju mẹ́fà lọ. Lọ́jọ́ kejìlá, mo fi èyí ránṣẹ́ sí olú-iléeṣẹ́, mo sì fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí àbúrò mi:

"Ẹ dẹ́kun wíwá àwọn ọmọ náà. Èmi, akọ̀wé àná, ni mo fi méjìdínláàádọ́ta kún ìwé fún iléèwé yẹn. Kò sẹ́ni tó jí wọn. Ẹnikẹ́ni ò bí wọn rí. Bí ẹ bá ṣì ń ka mẹ́ta ní márùn-ún, àwọn ọmọ tí ẹ ń retí lọ́dún tó ń bọ̀ náà ò bọ̀."