Ojú Burgl Lára Ògiri Ṣọ́ọ̀ṣì

Ẹ má sọ fún mi pé ọmọ tó kú ti di áńgẹ́lì. Wọ́n ti sọ ọ́ fún mi tó. Ọjọ́ tí a sin Burgl, ọmọ ọdún mẹ́rin tí àrùn ọ̀fun pa, gbogbo obìnrin Ellrieden, abúlé wa, ló ń sọ ọ́ sí mi létí. Wọ́n ní kí n nu ojú mi, pé ẹkún ìyá ló máa ń rin ẹ̀wù òkú ọmọ, otútù á sì máa mú un lọ́run. Mo gbé ẹkún mì nítorí ẹ̀wù náà. Èmi ni mo rán an. Wọ́n ní ẹni ọmọ sin ló bímọ. Èmi bí tèmi, èmi náà ni mo sin ín. Ẹ bá mi wá ohun tí wọ́n ń pe irú mi.

Ohun tó wá ń pa mí ni pé ojú rẹ̀ ń lọ. Kí òjò dídì tó yọ́, mo ti ń jí láàárọ̀ tí n ó wá ẹnu rẹ̀ títí kí n tó rí i. Wendelin ọkọ mi sì rèé, ayàwòrán ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ń ránṣẹ́ pè láti abúlé dé abúlé. Ó ya Pétérù, ó ya Ánà Mímọ́, ó ya àgùntàn pàápàá. Kò ya ọmọ tirẹ̀ rí. Mo bú u. Mo ní alágbẹ̀dẹ tí kò ní ọ̀bẹ nílé ni. Kò fèsì.

Ara ògiri ló ti fèsì. Ṣọ́ọ̀ṣì tiwa gan-an ló kàn án láti yà lọ́dún náà. Bíríkìlà á fi ẹfun àti yanrìn rẹ́ ibi tí iṣẹ́ ọjọ́ náà mọ, Wendelin á sì fi ọ̀dà sí i nígbà tó ṣì tutù. Tí ògiri bá ti mu ọ̀dà tó sì gbẹ, ó parí nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ yí i padà, àfi kó gbẹ́ ẹ dànù. Lọ́jọ́ tí wọ́n tú pákó gíga tó ń gùn kúrò, mo gbójú sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ Ánà Mímọ́, mo rí Burgl. Ó ní ìyẹ́, ó di òdòdó lílì mú, ṣùgbọ́n Burgl ni. Èjí rẹ̀ nìyẹn, etí òsì rẹ̀ tó yọ síta bíi ti bàbá rẹ̀ nìyẹn.

Láti ìgbà náà, ọkàn mi balẹ̀. Mi ò wá ojú rẹ̀ nínú orí mi mọ́. Kí ni mo fẹ́ máa wá a kiri fún? Ó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Tí Fada Korbinian bá gbé Ara Olúwa sókè ní Máàsì, tí gbogbo ìjọ tẹrí ba, èmi nìkan ni mo ń wo ògiri. Wọ́n rí mi. Afra, ìyàwó ọlọ́lọ tó ń lọ ọkà abúlé, ló dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà itẹ́ òkú. Mo ti múra ìjà, ẹnu mi kì í kú. Ṣùgbọ́n kò pariwo.

"Ìyá Burgl, mẹ́ta ni mo sin síbí. Ta ló ya tèmi?"

Èmi tí mo lè bá afẹ́fẹ́ jà, mo yà fún un kó kọjá.

Àwọn mìíràn ti lọ bá Fada. Ó ránṣẹ́ pe Wendelin, ó ní kó yọ ojú náà kúrò, kó ya áńgẹ́lì tí kò jọ ẹnikẹ́ni. Mo lọ bá Fada nílé, mo kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Omi lé ròrò sójú rẹ̀. Kì í ṣe èèyàn burúkú, ìyẹn gan-an ló dùn mí jù. Ó ní, "Kreszenz, ọmọ mi, tí mo bá fi tìrẹ sílẹ̀, kí ni n ó sọ fún Afra?"

Bíríkìlà ní òun á bá Wendelin gbẹ́ ẹ. Wendelin kọ̀, ó ní ẹlòmíì kò ní fi irin kan ojú ọmọ òun.

"Ìyá Burgl, má bara jẹ́," ó sọ fún mi. "Ọwọ́ mi ló yà á, ó ṣì wà lọ́wọ́ mi. Tí mo bá parí tibẹ̀, n ó yà á fún ọ, a ó gbé e kọ́ sókè ibùsùn wa."

Mo gbà á gbọ́. Òun náà gba ara rẹ̀ gbọ́.

Mo dúró nísàlẹ̀ nígbà tó ń gbẹ́ ẹ. Iwájú orí ló kọ́kọ́ já. Mo tẹ́ aṣọ tí mo fi ń dáná, mo ń gbà á bí ẹni ń gba èso lábẹ́ igi, ṣùgbọ́n ṣe ló ń fọ́ wẹ́wẹ́. Etí òsì nìkan ló bọ́ lódindi. Wọ́n rẹ́ ojú ibẹ̀, Wendelin yà á, Fada ní ó ṣì jọ ọmọ náà. Wendelin tún gbẹ́ ẹ, ó tún yà á, títí ọwọ́ rẹ̀ fi kọ́ ojú tí kò jọ ẹnikẹ́ni. Áńgẹ́lì náà rẹwà, gbogbo ìjọ ló yìn ín.

Nígbà tó wá jókòó sídìí tábìlì wa pẹ̀lú èédú, áńgẹ́lì yẹn ló jáde. Ó nù ún, ó tún bẹ̀rẹ̀. Áńgẹ́lì yẹn náà ni. Ọbẹ̀ kábéèjì tutù síwájú wa. Mo ní kì í ṣe òun nìyẹn. Mo tún un sọ pẹ̀lú ìbínú, Ọlọ́run forí jì mí.

"Báwo ló ṣe wá rí?" ó bi mí. "Ìwọ sọ ọ́, èmi á yà á."

Mo lanu. Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti imú. Mo dijú, mo wá imú ọmọ mi, ojú ẹlẹ́wà tí kò jọ ẹnikẹ́ni yẹn ni mo rí, pẹ̀lú ìyẹ́ àti lílì.

Mo lọ mú etí náà wá láti inú àpótí aṣọ Burgl, mo gbé e sórí tábìlì. Ó wò ó pẹ́, ó sì yà á. Ó yà á bó ṣe yọ síta, títí dé ibi tí mo lu fún yẹtí. Etí Burgl ni, kò sí iyèméjì. Ó wá dá ọwọ́ dúró, èédú ṣì wà ní ìka rẹ̀, ó ń wò mí, ó ń dúró kí n sọ ìyókù.