Ohun Tó Jẹ Abíyá Ṣẹ́ẹ̀tì Ṣọ́jà

"Màmá, ọta ìbọn mẹ́tàdínlógójì ni wọ́n yìn lù mí láàárọ̀ àná, fìlà ni mo fi gba gbogbo rẹ̀. Mo kà á, ó pé. Mo wá rọra rìn lọ bá àwọn ọ̀tá náà, mo dá a padà fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, torí ẹ ti kọ́ mi láti kékeré pé a kì í gba nǹkan lọ́wọ́ ẹni tí a ò mọ̀ rí."

Ṣọ́jà ló ń sọ̀rọ̀ láti òkè òkun níbi tí wọ́n ti ń jagun, nínú fóònù tí wọ́n gbé ti agolo òwú lórí tábìlì ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ń ránṣọ lọ, kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ọgbọ̀n ọdún ni obìnrin yìí ti wà nídìí máṣíìnì. Bó bá húkọ́, bọ́tìnì ló ń jábọ́.

"Fìlà wo nìyẹn?" ni Màmá bi í. "Èyí tí mo rí lórí ẹ lọ́jọ́sí ò lè gba òjò."

"Fìlà ogun ni, Màmá. Ó yàtọ̀ sí fìlà òjò."

Ìyá Ìbejì, ìyàwó Ṣọ́jà, tó ń gán bọ́tìnì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá ọkọ rẹ̀, bú sẹ́rìn-ín. Nítorí ẹnu ọkùnrin yìí ló ṣe fẹ́ ẹ. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ pàdé, ó ní òun àti ìjì ti jà rí, pé títí dòní ni ìjì náà ṣì ń rán àwọn àgbà wá bẹ òun. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín tòní ò dénú. Oṣù méjì sẹ́yìn ni Ṣọ́jà dákẹ́ fún ọjọ́ mẹ́tàdínlógún, kò pè, kò kọ nǹkan kan ránṣẹ́. Nígbà tó máa yọjú, ó ní ọ̀gágun àgbà ló yá fóònù òun láti fi bẹ ìyàwó rẹ̀. Láti ìgbà náà, orí, ọrùn àti àyà nìkan ni wọ́n ń rí. Bí wọ́n bá ti ní kó dìde kí àwọn rí i, nẹ́tíwọ́ọ̀kì á bàjẹ́. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó ń gbé irọ́ tó ga ju òkè lọ kọjá òkun lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kò lè gbé ẹni tó dìde dúró.

Ìdí nìyẹn tí Màmá fi sọ fún ìyàwó ọmọ rẹ̀ láàárọ̀ pé, "Bó ti wù kí irọ́ rẹ̀ dùn tó lónìí, mi ò ní rẹ́rìn-ín. Mo máa mọ ohun tó ń ṣe ọmọ mi kí fóònù yẹn tó kú."

Ó wá tọ́ ọ̀rọ̀ náà wò báyìí. "Wọ́n ní ẹ̀yin ṣọ́jà ń bọ̀ nílé lópin oṣù. Mo fẹ́ rán ṣòkòtò méjì dè ẹ́. Mú okùn, na án láti ìbàdí dé kókósẹ̀, kí o sọ bó ṣe gùn tó fún mi."

"Màmá, okùn ibí ò tó o. Ẹsẹ̀ mi ti gùn sí i. Odò kan wà níbí, ó fẹ̀ débi pé ẹja tó bá gbéra ní bèbè kan lọ́mọdé á ti ní ọmọọmọ kó tó dé òdìkejì. Ìṣísẹ̀ kan péré ni mo fi dá a kọjá. Bọ́ọ̀lù tí mo gbá ní Mọ́ńdè ńkọ́? Kò tíì balẹ̀."

Màmá gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí máṣíìnì. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó gbé e padà sójú, ó fa fóònù mọ́ra.

"Na ọwọ́ méjèèjì sókè."

"Kí ló dé, Màmá?"

"Èmi ni mo rán ṣẹ́ẹ̀tì tó o wọ̀ yẹn. Mo fẹ́ wò ó."

Inú Ṣọ́jà dùn. Bó bá jẹ́ ti ọwọ́, ó ní in. Ó na méjèèjì sókè pátápátá. "Ọ̀tá ò rí mi kí n túúbá rí. Ẹ̀yin nìkan lẹ rí i."

Màmá wo abíyá ọ̀tún, ó wo tòsì. Ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì náà ṣì le, ìgúnpá ò ṣá, ṣùgbọ́n abíyá méjèèjì ti jẹ, fọ́nrán òwú nìkan ló kù níbẹ̀.

"Kí ló jẹ abíyá ṣẹ́ẹ̀tì mi?"

"Òógùn ni. Oòrùn ibí ò ṣe é fẹnu sọ, ìbọn mi gan-an yọ́ lọ́jọ́ kan, mo ní láti fi ṣíbí bù ú."

"Òógùn máa ń mú kí aṣọ pọ́n ni, kì í ha á báyẹn. Ohun líle ló ha èyí." Ohùn Màmá ti wálẹ̀. "Mo ní oníbàárà kan, tíṣà tí mọ́tò gbá. Ìlọ́po méjì ni mo máa ń fi aṣọ sí abíyá rẹ̀, torí igi méjì tó ń fi sábẹ́ apá rìn, ibẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ jẹ. Bí tiẹ̀ ṣe máa ń rí gẹ́lẹ́ nìyẹn."

Bọ́tìnì bọ́ lọ́wọ́ Ìyá Ìbejì. Kò sẹ́ni tó wá a.

"Ẹsẹ̀ wo ni?" ni Màmá bi í.

Ṣọ́jà lanu. Ẹnu tó já ọkọ̀ òfuurufú mẹ́ta lulẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá tún sá lọ bá nẹ́tíwọ́ọ̀kì. "Màmá, nẹ́tíwọ́ọ̀kì yìí..."

"Kò sóhun tó ṣe nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Mò ń rí irun imú ẹ."

Ìyá Ìbejì tẹ orí wọnú fóònù. "Bàbá Ìbejì, mo fẹ́ ẹ tòun tirọ́ ẹ. Òótọ́ ẹ náà, tèmi ni. Ẹsẹ̀ wo?"

"Tòsì," ni Ṣọ́jà wí. Ohùn náà kéré débi pé wọn ò dá a mọ̀ mọ́. "Wọ́n ń ṣe òmíràn fún mi. Mo rò pé ẹsẹ̀ méjì ni màá fi wọlé kí ẹ tó mọ̀."

"Dìde, kí n rí ẹ," ni Màmá wí.

Ṣọ́jà wo ọ̀tún, ó wo òsì, bó ṣe máa ń ṣe lọ́mọ ọdún mẹ́jọ tó bá ti gé aṣọ oníbàárà fi ṣe àwọ̀n bọ́ọ̀lù. Ló bá ju fóònù sórí ìrọ̀rí, ó fa igi méjì yọ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó kì wọ́n bọ abíyá, ó fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ.

Fóònù tí kò pa ò mọ̀ pé ó yẹ kóun bo àṣírí. Ó fara ti ìrọ̀rí, ó kọjú sí yàrá gígùn tí bẹ́ẹ̀dì tò sí lọ́tùn-ún lósì, gbogbo rẹ̀ sì hàn kedere: Ṣọ́jà ń lọ láàárín wọn, igi lọ, ẹsẹ̀ tẹ̀ lé e, apá òsì ṣòkòtò rẹ̀ tí wọ́n ká sókè, tí wọ́n fi pín-ìnnì dì nísàlẹ̀ orúnkún, ń fì. Àwọn tó fara gbọgbẹ́ ń hó fún un láti orí bẹ́ẹ̀dì. Nọ́ọ̀sì kan tó gbé àwo oògùn dání yáa fẹ̀yìn ti ògiri.

Ìyá Ìbejì fọwọ́ bo ẹnu, omi ń dà lójú rẹ̀. Màmá ò gbójú kúrò.

"Ta ló fi pín-ìnnì dì í báyẹn? Á gún un."

Nọ́ọ̀sì náà dé ìdí bẹ́ẹ̀dì, ó mú fóònù. "Ẹ má bínú, Màmá, ó ti sá lọ. Ẹ jẹ́ kí n lọ mú un wá fún yín."

"Má tíì mú un, ọmọ mi," ni Màmá wí. "Gbé fóònù yẹn sókè díẹ̀. Mo fẹ́ wo bó ṣe ń sáré."